Níbi Tí Ìyálóde Tinúbú Ti Ṣòwò: Àgbádárìgì, Èkó, Abẹ́òkúta

Ọjọ́bọ̀, Àgbádárìgì

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó wọ Àgbádárìgì. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu ròyìn: ibi tó dán ń bẹ, kòtò ń bẹ, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró nítorí ẹnubodè Sẹmẹ̀ sì pọ̀ ju ibi tí èèyàn ti lè ra omi lọ. Àǹtí mi kò ráhùn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń rò. Àwọn aláṣọ ẹgbẹ́ wọn ní ọjà Balógun fẹ́ ṣe ọjọ́ ìrántí fún Ìyálóde Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò ńlá ọmọ Ẹ̀gbá tó kú ní 1887, wọ́n sì ní Àǹtí ni yóò ka oríyìn rẹ̀, torí pé ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, ohùn wọn sì ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìlo gbohùngbohùn. "Èmi á kà á, ìwọ á kọ ọ́." Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà nìyẹn.

Wọ́n ti rò pé Abẹ́òkúta la máa gbà lọ tààrà, níbi tí sàréè wà. Mo ní rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oníṣòwò kan ṣe là, ibi tó ti kọ́kọ́ rí èrè ni kó lọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ obìnrin náà kò dùn. Àárín àwọn Ẹ̀gbá ni wọ́n bí i sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí Abẹ́òkúta kò tíì sí rárá. 1830 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá tó wà nínú igbó. Ó lọ́kọ, ó bí ọmọkùnrin méjì, ọkọ kú. Ní nǹkan bí 1833, Adélé, ọba Èkó tí wọ́n ti yọ lóyè tó sì ń gbé ní Àgbádárìgì, wá sí Abẹ́òkúta, ó rí opó náà, ó fẹ́ ẹ, ó sì mú un wá síbi tí a wà yìí. Àwọn ọmọ méjèèjì bá a wá. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi kú.

"Méjèèjì?" Àǹtí dúró gbagidi lójú pópó. "Ó wá tún rójú ta ọjà?"

Ó rójú. Tábà àti iyọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò náà ṣe rí, torí oríyìn tí kò bá ṣàlàyé òwò olóògbé, adura ìsìnkú lásán ni. Ọjà òkè òkun máa ń gúnlẹ̀ sí etíkun, lọ́wọ́ àwọn ará Brazil àti àwọn òyìnbó mìíràn. Bí ọjà bá ṣe ń jìnnà sí òkun tó ni iyọ̀ ń wọ́n sí i. Tinúbú ní àwọn èèyàn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí àwọn oníṣòwò etíkun ń bọ̀wọ̀ fún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lórí ìtẹ́. Apá méjèèjì ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iyọ̀ àti tábà ń gòkè, epo pupa ń sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn pẹ̀lú ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́rú.

Mo kọ gbólóhùn kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn sínú ìwé. Àǹtí wò ó láti èjìká mi, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ a lọ sí ilé tí wọ́n ń há ẹrú mọ́, èyí tó jẹ́ ti Sèríkì Williams Abass. Ìtàn ẹni yẹn fúnra rẹ̀ ń dani láàmú: wọ́n ta òun náà lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n gbé e dé Brazil, ó padà wá, ó sì di ẹni tó ń ta ẹrú. Ó di olóyè ńlá láàárín àwọn Mùsùlùmí, 1919 ló kú. Afinimọ̀nà ní yàrá ogójì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń há ogójì èèyàn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yàrá náà kéré débi pé èmi àti Àǹtí kò lè na apá wa pọ̀. Ó tún ka iye owó fún wa, bí wọ́n ṣe máa ń kà á fún gbogbo àlejò: ogójì ẹrú fún agboòrùn kan, ọgọ́rùn-ún fún ìbọn àgbá ńlá kan.

Àwọn tó kù nínú àlejò mí kanlẹ̀. Àǹtí, tí wọ́n ti ń ta aṣọ láti kékeré, bi í léèrè pé, "Ta ló dá iye yẹn?"

Afinimọ̀nà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yín le o. Ẹni tó gbé agboòrùn wá àti ẹni tó mú èèyàn wá, àwọn méjèèjì ni."

Ẹtì, Àgbádárìgì sí Èkó

Ní òwúrọ̀ a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, a rìn nínú iyanrìn dé etí òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá kọjá kì í padà. Àwọn tó kọ nípa ibẹ̀ ti pọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ jù mí lọ. Oòrùn mú. A padà.

Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ló gba àkókò mi. Àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ló kọ́ ọ, 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ló parí. Gbogbo èèyàn ń lọ síbẹ̀ nítorí Bíbélì àti Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Èmi, ọdún 1845 yẹn ni mo ń wò. Ọdún náà gan-an ni Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ Èkó lọ́wọ́ Akítóyè, nínú ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Olómirò, torí pé omi iyọ̀ ni àwọn tí wọ́n sé mọ́lé ń mu. Akítóyè sá, ó sì bá ara rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Tinúbú àti ọkọ rẹ̀, Yésúfù Bada, tí í ṣe balógun, wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbá. Ní ọdún kan náà, ní ìlú kan náà, Townsend, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì CMS, jókòó ó ń dúró de ìgbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta máa là (1846 ló tó rí i gbà), Akítóyè ń dúró de ìgbà tí Èkó máa là, Tinúbú sì ń ta ọjà. Bí mo ṣe rí i, òun nìkan ni kò fi ìdúró yẹn ṣòfò nínú wọn.

Mo ti fo nǹkan kọjá, ẹ jẹ́ kí n tò ó. 1835 ni àwọn ará Èkó pe Adélé padà sórí oyè, Tinúbú sì bá a lọ. 1837 ni Adélé kú. Olúwọlé jọba lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Yésúfù Bada ti ń jẹ balógun, Tinúbú sì fẹ́ ẹ. Olúwọlé kú ní 1841, Akítóyè jẹ. Ìgbàkígbà tí oyè bá ṣí sílẹ̀, ọwọ́ obìnrin yìí máa ń wà nínú ẹni tó bá gorí rẹ̀, owó rẹ̀ náà máa ń wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ gbé wa dé Mile 2. Níbẹ̀ ni a ti wọ rélùwéè Blue Line, tó ti ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù kẹsàn-án 2023. Ohun tí mo lò lójú ọ̀nà láti Àgbádárìgì kò ṣe é fi wé e, ojú mi kò tíì rí mímọ́ rélùwéè náà tán tí a fi dé. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo fi kan ẹ̀rọ. Owó ẹyọ ni Tinúbú fi ń ṣírò, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000 ẹyọ. Èèyàn gidi ló ń rù ú. Àǹtí ní kí n yéé rẹ́rìn-ín dá, àwọn èèyàn ń wò wá.

Àbámẹ́ta, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìta Tinúbú. Àǹtí ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn láti bí ogún ọdún ó lé, wọn kò sì dúró wo ère náà rí. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ariwo ọkọ̀, àwọn tó ń ta bàtà, Báńkì Àpapọ̀ lápá kan, Kàtídírà Mẹ́tọ́díìsì lápá kejì. Ibi tí kóòtù ìjọba amúnisìn wà tẹ́lẹ̀ nìyí, wọ́n wó o nígbà òmìnira. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé níbí ló fi ìsun omi tó wà láàárín rẹ̀ ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ ní 1960, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Ìta Òmìnira. Orúkọ yẹn kò pẹ́ lẹ́nu aráyé. Tinúbú ni wọ́n ń pè é, Tinúbú náà ni ìjọba padà sí. Bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ìlú, ẹnu kọ̀ńdọ́ ni kó o ti gbọ́ ọ.

A rìn dé ẹnu ọ̀nà Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. A kò wọlé, a kò sì ní ohun tí a fẹ́ wọlé ṣe. Mo kàn fẹ́ rí bí ibẹ̀ ṣe sún mọ́ ọjà tó ni. Ẹsẹ̀ lásán ni. Ẹni tó bá ń gbé ibí lè ná ọjà láàárọ̀ kó sì bá ọba jókòó lọ́sàn-án, ohun tí Tinúbú sì ń ṣe nìyẹn. Ní oṣù kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ọta lé Èkó lórí, ogun tí wọ́n ń pè ní Àgídìngbì. Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti parí ní Èkó.

Ibi tí èmi àti Àǹtí ti jà nìyí, lórí àga oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ olómi tútù.

Ohun tó fà á ni ìtàn kan tí àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí. Ọdún 1853 ni, ìwé ti di fífọwọ́sí, Akítóyè ń lọ sópin ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹrú kan wà nílẹ̀ láàárín Tinúbú àti àwọn olówò ẹrú mìíràn. Òwò náà bàjẹ́. Wọ́n ní Tinúbú sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun ri àwọn ẹrú náà sómi ju kí òun tà wọ́n ní ẹ̀dínwó.

Mo ka iye wọn. Ogún èèyàn.

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?" ni Àǹtí bi mí.

Mo ní àwọn tí wọ́n jọ ṣòwò ni, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀.

"Àkọsílẹ̀ ta ni? Ti àwọn tó lé e kúrò nílùú?"

Ìbéèrè yẹn dára, mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn tó kọ nípa rẹ̀ jù ní ìgbà yẹn ni àwọn òyìnbó tó ń bá a jà. Kọ́ńsọ̀ Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí Akítóyè kú ní 1853 tí Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba, ọ̀rọ̀ Tinúbú ló ń ṣẹ ní ààfin. Àwọn tó ti Brazil àti Sàró padà dé ń ṣòwò lábẹ́ ààbò kọ́ńsọ̀ láìka ọba sí, Tinúbú kò sì gbà. Wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án. Ní 1856 Campbell fi agbára mú Dòsùnmú kó lé e jáde. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí Abẹ́òkúta. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá lọ́wọ́ Dòsùnmú kan náà. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin yẹn ń pariwo pé àwọn àlejò ń gba ilé, àlá kọ́ ló ń lá.

Mo gbà gbogbo èyí fún Àǹtí. Ṣùgbọ́n mo ní, bí a bá tiẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ omi yẹn kúrò pé irọ́ ni, òwò ẹrú kò ní kúrò. Ogún ọdún ló fi ṣe é. Kì í ṣe ẹnu ọ̀tá kan ló gbé e.

"Ọjọ́ ìrántí kì í ṣe kóòtù," ni wọ́n dáhùn. "Ta ni wọ́n ń sin tí wọ́n ń ka gbèsè rẹ̀? Ṣé bí wọ́n bá ń ṣe tèmi, wàá dìde ka ti àwọn oníbàárà tí mo bú?"

Mo ní ẹrú kọ́ ni èébú. Wọ́n ní ẹnu mi ti mú jù. A mu omi wa, a dìde.

Àìkú, ọ̀nà Abẹ́òkúta

Rélùwéè láti Alágomejì. Ìlà yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti 2021, kìlómítà 157 ni títí dé Ìbàdàn, àwa kò sì lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ èèyàn ni wọ́n fún ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti Pápáláńtò jẹ́ ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti Abẹ́òkúta, tó wà ní Láderin, jẹ́ ti Wọlé Ṣóyínká. Àǹtí ní kí ló dé tí wọn kò fún Ìyálóde ní ọ̀kan. Mo ní ó ti ní ìta odindi. Wọ́n ní ìta kò tó.

Yàtọ̀ sí èyí, a sùn.

Ajé, Abẹ́òkúta

Ọjọ́ Ajé ló yẹ kí èèyàn lọ kí oníṣòwò. Ó bọ́ sí i láìmọ̀ọ́mọ̀.

A kọ́kọ́ lọ sí Ìta Ìyálóde, ibi tí wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀, lẹ́yìn náà a lọ sí Òjokòdó, àdúgbò tí wọ́n sin ín sí ní 1887. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àǹtí kúnlẹ̀, wọ́n ki oríkì Ẹ̀gbá díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gbọn yẹ̀rì wọn. Mi ò ní kọ jù báyìí lọ, ilé onílé ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn tí wọ́n lé e ní Èkó, mo sì rò pé a kì í ka apá yìí dáadáa. Ẹlòmíràn tí wọ́n bá lé báyẹn, ẹjọ́ àti ẹ̀dùn ni yóò fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù ṣe. Òun tún òwò bẹ̀rẹ̀: epo pupa, òwú, ìbọn, ẹ̀tù, ọta. Ọ̀rọ̀ ìbọn yìí ló gbé e dé ibi tó dé. Àwọn ará Dàhòmì ti gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851, nígbà Gẹ́zò ọba wọn, wọ́n sì lé wọn padà ní ìhà Aro. Ó hàn sí gbogbo èèyàn pé wọ́n máa padà wá. Wọ́n padà wá lóòótọ́, ní oṣù kẹta 1864, lábẹ́ Gẹ̀lẹ̀lẹ́ ọmọ Gẹ́zò. Tinúbú ti kó ìbọn àti ẹ̀tù sílẹ̀, ó sì pín in fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá. Ìlú kò bọ́. Ní 1864 náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá.

Oyè yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n fi dá a lọ́lá kó lọ jókòó sílé. Ẹni tó bá jẹ Ìyálóde, òun ni ẹnu àwọn obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ ọjà sì dọwọ́ rẹ̀. Ní 1879 tí ọ̀rọ̀ oyè Aláké dá ìjà sílẹ̀, ó tún wà níbẹ̀, ó gbé lẹ́yìn Oyékàn, Oyékàn sì jẹ. Àgbà obìnrin ni nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò nínú ẹni tó máa jọba. Oníṣòwò ni Jójọlọ́lá tó jẹ oyè náà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olóyè Alaba Lawson tó jẹ ẹ́ ní ayé wa yìí, olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbí, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ NACCIMA, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn oníṣòwò àti oníléeṣẹ́ Nàìjíríà, tó papòdà ní oṣù kẹwàá 2023. Àǹtí bá wọn pàdé lẹ́ẹ̀kan níbi ìpàdé kan, wọ́n sì ń sọ ọ́ títí di òní.

Ọ̀sán, Ìtòkú. Mo rò pé a kàn fẹ́ kọjá ni. Àǹtí ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù aládìrẹ kan, wọ́n ti ń ná ọjà. Láàárín ìnájà ni wọ́n sọ ohun tí a wá ṣe. Obìnrin aládìrẹ náà, tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, ní, "Ìyálóde wa! Òun ló gbà wá lọ́wọ́ Dàhòmì. Àwọn yẹn ì bá kó gbogbo wa lẹ́rú lọ."

Àǹtí ń ká aṣọ. Ọwọ́ wọn dúró.

Nígbà tí a jáde wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ní kí n mú ìwé wá. Mo ti kọ oríyìn náà tán lóru, mo sì ti gbà fún wọn díẹ̀: mo gbé ọ̀rọ̀ ẹrú sí ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn, gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ó má baà ba ọjọ́ jẹ́. Wọ́n kà á, ètè wọn ń mì. Wọ́n bi mí pé:

"Owó wo ló fi ra ẹ̀tù yẹn?"

Mo ní epo pupa, òwú.

"Mo mọ èyí tó ń tà nígbà yẹn. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń béèrè. Ta ló ń fún èèyàn ní ìbọn láwìn bí kò bá mọ̀ pé olówó ni? Níbo ló ti di olówó?"

Mo ní ẹ ti mọ ibẹ̀, ẹ̀yin náà wọ yàrá náà.

Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò tò ó dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ ẹrú bá wà nísàlẹ̀, àwọn obìnrin á rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ni. Ọ̀nà tí owó gbà wọlé ni, ibi tí owó ti wọlé ló sì yẹ kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ àti tábà. Ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó bá dé orí ogun Dàhòmì, kó mọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ fún.

Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìlà yí gbólóhùn náà ká, wọ́n sì fa ọfà láti ìsàlẹ̀ ojú ìwé lọ sókè, sí Àgbádárìgì. Mo ní bí alága ẹgbẹ́ bá bínú ńkọ́? Wọ́n ní kó wá bá àwọn, àwọn ló gba gbohùngbohùn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ ná àdìrẹ yẹn parí.